Ta Ni Yóò Kọ́ Adájọ́? Ìtàn Ìdíje Ọgbọ́n Àtinúdá Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́

Ìdájọ́ eré sísá kò le. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé òpin ni ó borí, gbogbo ojú ni ó sì rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá kó àwọn ọmọ jọ, tí a gbé ìṣòro kan kalẹ̀ níwájú wọn, tí a ní kí wọ́n fi ọgbọ́n orí ara wọn wá ojútùú sí i, kí ni adájọ́ yóò máa wò? Kò dà bí àlọ́ àpamọ̀ wa, tí apàlọ́ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí ó tó là á ẹnu. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò rí ni a ń retí lọ́dọ̀ ọmọ náà. Báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe díwọ̀n ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rò rí?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti pè rí láti jókòó sí ìdí tábìlì adájọ́ níbi ìdíje àwọn ọmọ. Wọ́n fún wa ní bébà àti gègé, ó parí. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a tọpasẹ̀ bí àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí irú ìdíje yìí ti fìdí múlẹ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ṣe ń kọ́ àwọn adájọ́ tí ń yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó.

Gbòǹgbò ìtàn náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í ṣe olùkọ́. Alex Osborn jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà ní New York. Nínú ìwé rẹ̀, Applied Imagination, tí ó jáde ní ọdún 1953, ó fi òfin kan lélẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá jókòó láti ronú pọ̀: nígbà tí èrò bá ń jáde lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹnu àtẹ́ lu èrò ẹnìkejì. Kí èrò kọ́kọ́ pọ̀, títí kan èyí tí ó jọ ọ̀rọ̀ aṣiwèrè, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: inú ẹ̀kọ́ tí ó ní kí a fi ìdájọ́ dúró ná ni ìdíje tí kò lè ṣe láìní adájọ́ ti jáde wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Paul Torrance, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Georgia, wà lára àwọn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní ọdún 1966 ó gbé ìdánwò kan jáde tí ó ń wo ohun mẹ́rin nínú ìrònú ènìyàn: bí èrò rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bí àwọn èrò náà ṣe yàtọ̀ síra tó, bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n tó láàrin èrò àwọn ẹlòmíràn, àti bí ó ṣe là wọ́n ní kúlẹ̀kúlẹ̀ tó. Ní ọdún 1974, òun àti aya rẹ̀, Pansy, dá ìdíje Future Problem Solving sílẹ̀ ní Georgia. Ọmọ mẹ́rin a jókòó pọ̀ fún wákàtí méjì, wọn a ronú lórí ìṣòro ọjọ́ iwájú ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà, wọn a sì kọ èrò wọn sílẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí ń ka ìwé wọn ní láti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ lórí bí a ti ń díwọ̀n ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kì í sì í ṣe máàkì nìkan ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn padà sí àwọn ọmọ náà, kí ọmọ lè mọ ibi tí ó ti ṣe dáadáa àti ibi tí ó kù sí.

Ní àkókò kan náà, Samuel Micklus ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbọ́n ṣíṣe ohun èlò ní Glassboro State College, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ó ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí kò ní táyà. Ó ní kí wọ́n ṣe ohun tí yóò gbé wọn kọjá lórí omi. Kì í ṣe pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ ni ó kà sí jù. Ọgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ dá àti ìgboyà tí ó fi dán ohun tuntun wò ni ó ń wò. Ní ọdún 1978, òun àti Theodore Gourley pe ilé-ìwé 28 ní New Jersey jọ sí Glassboro fún ìdíje àkọ́kọ́. Olympics of the Mind ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí àwọn aláṣẹ eré Òlíńpíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbà fún wọn láti máa jẹ́ orúkọ náà, ó di Odyssey of the Mind.

Níbẹ̀ ni ọ̀ràn adájọ́ ti le. Olùkọ́ kan lè fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje tàn ká àwọn ìpínlẹ̀, tí ó sì kọjá sí ilẹ̀ òkèèrè, ojú ẹni kan kò tó mọ́. Ó di àṣà pé kí ẹgbẹ́ ọmọ tí ó bá fẹ́ díje mú àgbàlagbà kan wá tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣe adájọ́. Òbí ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn mìíràn jẹ́ olùkọ́. Ìfẹ́ ọmọ ni ó mú wọn wá, ìfẹ́ ọmọ náà ni ó sì lè mú wọn ṣe ojúsàájú. Nítorí náà ni a ṣe ń kó wọn jọ kọ́ kí ọjọ́ ìdíje tó pé.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ni kíka ìwé ìṣòro náà léraléra, kí wọ́n lè mọ ohun tí a béèrè àti ohun tí a kò béèrè. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Máàkì 200 wà fún ojútùú sí ìṣòro, 50 fún ẹwà ìgbékalẹ̀ rẹ̀, 100 fún ìṣòro òjijì tí a kò jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lára máàkì wọ̀nyí, àwọn kan kò ní àríyànjiyàn nínú: bí igi fífúyẹ́ tí àwọn ọmọ kàn pọ̀ bá gbé ìwúwo kan, ìwúwo náà ni. Àwọn mìíràn sì wà lọ́wọ́ èrò ọkàn adájọ́. Ẹ̀kọ́ náà wà láti jẹ́ kí adájọ́ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, kí ó má baà fi èrò ọkàn rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n.

Ohun kejì ni kíkó ọwọ́ dúró. Òfin ìdíje náà ni pé àwọn ọmọ ni yóò ronú, àwọn ni yóò kàn án, àwọn ni yóò rán an. Bí àgbàlagbà bá ràn wọ́n lọ́wọ́, a lè yọ máàkì wọn. Adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ ọmọdé yàtọ̀ sí iṣẹ́ àgbà, kí ó má sì rò pé èyí tí ó ń dán jù ni ó dára jù.

Ohun kẹta ni kí adájọ́ má fi ẹnu ẹlòmíràn dájọ́. Ní ọdún 1982, Teresa Amabile, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí a ti lè díwọ̀n àtinúdá. Ó ní kí a wá ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà, kí olúkúlùkù sì dá tirẹ̀ láìkọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ibi tí èrò wọn bá ti pàdé ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé. Àwa náà mọ̀ pé bí àgbà kan bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀, ó ṣòro kí èyí tí ó kéré sọ ohun mìíràn.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò lè gba ohun gbogbo. Ní ìgbà kan, wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi kan tí ó fara jọ kòkòrò inú omi, wọ́n sì fi orúkọ kòkòrò náà pè é, Ranatra fusca. Ọkọ̀ náà kò ṣe àṣeyọrí, àmọ́ èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ tayọ. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹ̀bùn pàtàkì kan sílẹ̀, tí ó ń jẹ́ Ranatra Fusca títí di òní, fún àtinúdá tí ó tayọ, ì báà jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà kò wà ní ipò kìn-ín-ní. Àwọn tí wọ́n kọ òṣùwọ̀n gbà pé òṣùwọ̀n lè kùnà.

Ní ọdún 1999, àwọn kan yapa, wọ́n sì dá Destination ImagiNation sílẹ̀. Wọn kò pe àwọn tí ń wo iṣẹ́ ọmọ ní adájọ́ mọ́. Orúkọ tí wọ́n fún wọn túmọ̀ sí ẹni tí ń wá iye tí nǹkan tó. Ìyípadà ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀. Adájọ́ a máa wá ẹ̀bi. Ẹni tí ń wá iye nǹkan a máa wá ohun tí ó wà níbẹ̀. Ní Odyssey náà, àwọn adájọ́ a máa dé fìlà apanilẹ́rìn-ín kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ọmọ, wọn a sì bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, kí wọ́n lè béèrè ohun tí kò yé wọn.

Èyí ni ó yẹ kí ó kan àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ọmọ tí ó dúró níwájú tábìlì ti sọ ohun tí kò sí nínú ìwé, ó sì ń wo ojú wa. Bí a bá fajú ro, bí a bá rẹ́rìn-ín sí i, ó lè má tún dán an wò mọ́ láyé rẹ̀, máàkì yòówù kí a kọ sórí bébà. Nígbà tí a bá tún fẹ́ ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ṣáájú fún àwọn adájọ́: kí a jọ ka òfin, kí a jọ dán máàkì wò lórí iṣẹ́ kan náà, kí a sì wádìí ìdí tí tiwa fi yàtọ̀ síra. Owó tí yóò ná wa kò tó nǹkan. Ohun tí a ó fi gbà sílẹ̀ ni ẹnu ọmọ tí ì bá ti pa mọ́.