Ilé tí oòrùn ń mú gbóná

Àwa ń sá fún oòrùn lọ sábẹ́ igi. Ní ìlú Dover ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, àwọn obìnrin mẹ́ta wá a ní 1948. Mária Telkes, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì, ló mú ọgbọ́n rẹ̀ wá. Eleanor Raymond ya àwòrán ilé. Amelia Peabody sanwó.

Dígí ara ògiri òkè ń gba oòrùn, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń lọ bá iyọ̀ kan nínú agolo. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o! Lọ́sàn-án iyọ̀ náà á yọ́ bí òrí. Lóru, bó ti ń dì padà, á máa tú ooru sínú yàrá, láìdáná rárá.

Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà òtútù méjì. Ní ẹ̀kẹta, iyọ̀ ya sọ́tọ̀ kúrò lára omi rẹ̀, agolo ń jò. Wọ́n yọ ọ́. Telkes kò dúró: ní 1973 ó wà lára àwọn tó kọ́ ilé oòrùn mìíràn sí Delaware.