Àgò Onílé: Ìlérí tí a Ṣe ní Ouagadougou

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí a kọ́ kì í ṣàdédé wọ ilé onílé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ké pé, "Àgò onílé o," yóò sì retí kí ẹni inú ilé dáhùn pé, "Àgò yà," kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Kì í ṣe pé onílé jí nǹkan pa mọ́, kì í sì í ṣe pé olè ni àlejò. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ni pé ilé ẹni ni ìbora ẹni, àti pé ẹni tí a kò bá fún láyè láti bo àṣírí ara rẹ̀, a ti gba iyì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lóde òní, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé wa kò ní láti gba ẹnu ọ̀nà kọjá mọ́. Tẹlifóònù tí ó wà nínú àpò wa mọ ibi tí a sùn. Ó mọ ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ àti bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó. Ilé ìfowópamọ́ mọ iye tí a ní. Ilé ìwòsàn mọ àìsàn tí ń ṣe wá. Àwọn tí ń ṣètò ìdìbò ní àwòrán ojú wa àti ìtẹ̀ka wa lọ́wọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà, a sì lè fi í ránṣẹ́ láti ìlú kan dé òmíràn kí a tó ṣẹ́jú. Ta ni yóò wá mú kí àwọn tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ máa ké àgò kí wọ́n tó wọlé? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn òyìnbó nìkan. Ìlú kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín tí ó ti gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì ní tẹlifóònù alágbèéká. Ouagadougou ni ìlú náà, olú-ìlú Burkina Faso. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Àdúgbò kan wà ní ìhà gúúsù ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Ouaga 2000. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ fi hàn pé ọ̀rúndún tuntun ni wọ́n ń wò níwájú. Títì rẹ̀ fẹ̀; ilé ńláńlá wà níbẹ̀ fún àwọn àlejò ìjọba, gbọ̀ngàn ìpàdé wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n kọ́ ààfin Ààrẹ, tí a ń pè ní Kosyam, sí. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Ouagadougou di ìlú àpèjọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, àwọn olórí ilẹ̀ Faransé àti ti Áfíríkà pàdé níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1998, ó kan Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà.

Ní àpèjọ ti 1998 náà, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, a ṣe àdéhùn tí ó dá Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sílẹ̀. Ṣáájú àkókò yìí, Áfíríkà ti ní ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láti ọdún 1981, ṣùgbọ́n kò ní ilé-ẹjọ́ tí yóò fi ìwé náà dá ẹjọ́. Ìwé náà kò tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀tọ́ ènìyàn láti bo àṣírí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde láti ọdún 1948 pé a kò gbọdọ̀ tojú bọ ọ̀ràn ilé ẹnikẹ́ni, tàbí lẹ́tà tí ó ń kọ, láìnídìí. Àdéhùn Ouagadougou dí àlàfo yìí, nítorí ó fún àwọn adájọ́ láṣẹ láti lo àwọn àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mìíràn tí orílẹ̀-èdè kan bá ti fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ará ìlú lásán kò lè kan ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ àfi bí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá kọ́kọ́ kọ̀wé pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Burkina Faso kọ ìwé náà ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1998 kan náà. Ohun rere ni wọ́n ṣe.

Ọdún náà kò tíì parí tí ọ̀ràn fi dé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 1998, wọ́n pa Norbert Zongo, olóòtú ìwé ìròyìn L'Indépendant, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn nítòsí Sapouy. Inú ọkọ̀ tí iná jó ni a ti rí òkú wọn. Zongo ń wádìí ikú awakọ̀ àbúrò Ààrẹ ìgbà náà. Ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ilé ni àwọn ẹbí kọ́kọ́ lọ, wọn kò sì rí ìdájọ́ gbà. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà tí ìjọba wọn ti ṣí sílẹ̀ ní 1998. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà dá Burkina Faso lẹ́bi pé kò sa ipá tí ó yẹ láti wá àwọn apànìyàn náà rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ kan náà tún pàṣẹ pé kò tọ́ láti sọ oníròyìn mìíràn, Lohé Issa Konaté, sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí ó kọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Burkina Faso yí òfin rẹ̀ padà. Ilé-ẹjọ́ tí a bí ní Ouagadougou padà wá bá Ouagadougou wí, Ouagadougou sì gbọ́.

Olùgbọ́ lè béèrè pé kí ni èyí kàn nínú ọ̀ràn kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù. Ó kàn án gidigidi. Oníròyìn kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá lè pa orúkọ ẹni tí ó ta á lólobó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni amòfin pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀, àti oníṣègùn pẹ̀lú aláìsàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ka gbogbo ohun tí a bá ara wa sọ lè mọ ẹni tí yóò fẹjọ́ òun sùn kí onítọ̀hún tó dé ilé-ẹjọ́. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ láti bo àṣírí ni ògiri tí àwọn ẹ̀tọ́ yòókù fẹ̀yìn tì.

Burkina Faso mọ èyí ní kùtùkùtù. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2004, ilé aṣòfin rẹ̀ ṣe òfin kan láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin náà wí pé kí a gba àṣẹ lẹ́nu ènìyàn kí a tó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Pé ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a kọ nípa rẹ̀, láti mú kí a tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe, àti láti kọ̀ bí ó bá ní ìdí. Ó sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ̀ràn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní CIL. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé pàdé ní Ouagadougou, wọ́n sì pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Ní ilẹ̀ Faransé, ìgbà tí ọwọ́ ba ọ̀ràn ni òfin tó dé. Ní ọdún 1974, ìwé ìròyìn Le Monde tú àṣírí ètò kan tí ìjọba fẹ́ fi so gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ará ìlú pọ̀ mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ariwo sọ, òfin sì jáde ní 1978. Burkina Faso, níbi tí kọ̀ǹpútà kò tíì pọ̀ rárá, ti ilẹ̀kùn kí olè tó dé. Nígbà tí wọ́n fi ìtẹ̀ka forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀ ní 2012, òfin ti wà nílẹ̀ de iṣẹ́ náà. Àwọn aládùúgbò sì tẹ̀ lé wọn: ECOWAS ṣe òfin tirẹ̀ ní Àbújá ní oṣù kejì ọdún 2010. Áfíríkà lápapọ̀ ṣe àdéhùn ní Malabo ní 2014, ṣùgbọ́n ọdún 2023 ni orílẹ̀-èdè 15 tó fọwọ́ sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2021, Burkina Faso fi òfin tuntun rọ́pò ti 2004.

Bí ó ti wù kí ó rí, òfin kì í dá dúró. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì orí tẹlifóònù kúrò fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní 2022, àwọn ológun gba ìjọba lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ará ìlú lásán lè gbé ẹjọ́ ìjọba rẹ̀ lọ. Kì í ṣe Burkina Faso nìkan ni irú ọ̀ràn yìí kàn. Orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò wa, fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ní 2020 nínú ìwé tí ó fi gba ará ìlú láyè láti lọ sí Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà. Côte d'Ivoire ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà. Àdúgbò kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé àti ààfin Ààrẹ sí ní Ouaga 2000. Ìlérí kò jìnnà sí agbára níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn wá pé ibi tí ó jìnnà sí ààfin ni ìlérí náà ti rí olùgbèjà: lọ́wọ́ adájọ́ tí kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń dá lẹ́jọ́.

Àwa ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wo èyí bí ọ̀ràn àjèjì. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1999, ní abala 37, sọ pé ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí tẹlifóònù jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin kan jáde láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún un. A mọ ìdí tí a fi nílò rẹ̀. Àwọn ayánilówó orí tẹlifóònù ti wọ inú àkójọ orúkọ àwọn oníbàárà wọn, wọ́n ti ránṣẹ́ èébú sí àna, sí ọ̀gá iṣẹ́, sí ọ̀rẹ́, nítorí gbèsè kékeré. Ní 2021, ìjọba bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan.

Àwọn kan a máa wí pé ẹni tí kò ṣe ibi kò ní ohun tí yóò fi pa mọ́. Ẹni tí ń wẹ̀ a máa ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Olè ha ni bí? Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ wa àti ìtẹ̀ka wa ṣe kí a tó fi lélẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í lò, ẹ jẹ́ kí a fẹjọ́ sùn níbi tí òfin là sílẹ̀. Kí a sì máa ṣọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ pé kí àwọn adájọ́ àti àwọn àjọ tí ń gbọ́ ẹjọ́ wa má ṣe di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àlejò tí ó ké àgò, tí kò dúró gbọ́ èsì kí ó tó wọlé, kò ké àgò rárá.