Wákàtí Igba: Ìtàn Ìgbàsíṣẹ́ Awakọ̀ Bàálù Tuntun ní Nàìjíríà láti Ọdún 1946

Gbaji kò ní pápákọ̀ òfurufú. Ìlú etí omi ni, lójú ọ̀nà tó ti Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ní agbègbè àwọn Ògù. Síbẹ̀, bí ọmọ etí ọ̀sà ṣe ń di atukọ̀ lè la ọ̀rọ̀ awakọ̀ bàálù yé ni. Inú ọkọ̀ àgbà ni ọmọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀: yóò máa gbọ́n omi dànù, yóò máa wo bí àgbà ṣe ń lo àjẹ̀ àti ọ̀pá, títí ọjọ́ tí wọn yóò fi àjẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé wákàtí mélòó ni ó ti lò lórí omi kí ó tó wọlé. Nínú iṣẹ́ bàálù, ìbéèrè náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè, òun náà ni ó sì ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lójú.

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ICAO, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 200 kí ó tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ tí í gbowó iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ni ó ti kọ́ ọ, 150 ti tó. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí ọ̀gá awakọ̀ ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ ní ń béèrè wákàtí 1,500. Ta ni yóò san owó àlàfo tó wà láàárín méjèèjì? Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó gba ìwé àṣẹ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé náà kò kárí. Ìtàn fi hàn pé nígbàkigbà tí ẹnìkan bá gbà láti san owó àlàfo yìí, ọmọ Nàìjíríà a máa wọ ìjókòó iwájú; nígbà tí kò bá sí ẹni tó gbà, ìwé àṣẹ a wà nínú àpótí.

Ní 1946 ni ìjọba amúnisìn dá West African Airways Corporation, WAAC, sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Bàálù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 1947. Òyìnbó ló kún ìjókòó awakọ̀ nígbà náà. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, àwọn awakọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi owó ogun ra wákàtí fún sì ń wá iṣẹ́ kiri. Lẹ́yìn tí Gánà dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1958, WAAC ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. BOAC àti Elder Dempster ló ni ìyókù, títí ìjọba fi gba gbogbo rẹ̀ ní 1961. Ní 1971 ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Nigeria Airways. Robert Hayes ni a mọ̀ sí aṣáájú nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wakọ̀ fún un.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìrìnnà òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1964, pẹ̀lú ìrànwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ìjọba ló ni ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba náà ló ni ilé-iṣẹ́ tí yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́. Ibẹ̀ ni Chinyere Kalu ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù ní Nàìjíríà ní 1981. Ètò náà kò ṣàìní àbùkù: nígbà tó fi máa di 1979, KLM ti ilẹ̀ Netherlands ni ìjọba pè wá bá a ṣàkóso Nigeria Airways fún ọdún méjì. Àmọ́ ọ̀nà tó ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dé inú bàálù kò já.

Ó yẹ kí a wo ohun tó wà lójú ọ̀nà náà, nítorí ibẹ̀ ni owó ń lọ sí. Ẹni tó fi bàálù kékeré kẹ́kọ̀ọ́ kò lè dédé jókòó sínú Boeing 737. Yóò kọ́kọ́ kọ́ nípa ọkọ̀ náà nínú ìwé: iná, epo, ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni símúlétọ̀, yàrá tí wọ́n kọ́ bí iwájú bàálù, tó ń mì, tó ń tẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni olùkọ́ yóò ti máa pa ẹ́ńjìnnì kan fún un bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gbéra, tí yóò sì fi èéfín, ìkùukùu àti ìjì dán an wò, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín òru, nítorí òwò símúlétọ̀ kì í sùn. Bí ó bá yege, yóò fi bàálù gidi tí kò ní èrò nínú gbéra, yóò sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó gbé èrò, ní ìjókòó apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá awakọ̀ tó jẹ́ olùkọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, awakọ̀ kẹta á jókòó sẹ́yìn wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bóyá nǹkan lè yíwọ́. Ìyẹn gan-an ni ọkọ̀ àgbà. Wákàtí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, owó oṣù sì ń tẹ̀ lé e.

Ní 2003 ìjọba ti Nigeria Airways pa, ọkọ̀ àgbà sì rì. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó kù fẹ́ ẹni tó ti fò púpọ̀, tí àṣẹ fún irú bàálù tí wọ́n ń lò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìkà lásán. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó símúlétọ̀ òkè òkun, awakọ̀ tí wọ́n bá sì kọ́ lè bá ẹlòmíràn lọ lọ́la. Nítorí náà ni àwọn tó ń sanwó ẹ̀kọ́ fi ń mú ọ̀dọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò sìn fún ọdún díẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí ọ̀dọ́ náà fi owó ara rẹ̀ san án.

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara dá ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ètò ìdáríjì fún àwọn ajàjàgbara Niger Delta, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà lókè òkun. Ìpínlẹ̀ Kánò, nígbà ìjọba Kwankwaso tó parí ní 2015, rán ọgọ́rùn-ún lọ sí Jọ́dánì. Ìwé àṣẹ ni owó náà rà fún ọ̀pọ̀ wọn. Kò ra símúlétọ̀, kò sì ra ìjókòó apá ọ̀tún.

Wọ́n a máa sọ pé wákàtí díẹ̀ léwu. Amẹ́ríkà ṣòfin ní 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, pé igbákejì awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní wákàtí 1,500. Jàǹbá Buffalo ti 2009, tó pa ènìyàn 50, ló fà á, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ méjèèjì inú ọkọ̀ náà ló ti kọjá 1,500! Ní Yúróòpù àti Ẹtiópíà, ilé-iṣẹ́ ń mú akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ sínú ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń tọ́ ọ dàgbà.

Ní ti ọ̀dọ́ tó ń dúró, ìwé àṣẹ kì í dúró dè é. Ìwé ìlera rẹ̀ ń kásẹ̀, àṣẹ fífò nínú ìkùukùu ń kásẹ̀ lọ́dọọdún, sísọ wọ́n di ọ̀tun sì ń ná an lówó. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, wákàtí ṣì jẹ́ bí igba.