Òdú Kì Í Ṣe Àìmọ̀ Olóko, Kòkòrò Inú Rẹ̀ Ńkọ́?

Nígbà tí mo lọ sí Ìjoun ní àìpẹ́ yìí, àbúrò mi kan mú mi lọ sí oko tòmátò rẹ̀. Ewé ti gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ebola tòmátò ni o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fín oògùn, kò gbọ́." Mo já ewé kan, mo gbé e sókè sí oòrùn. Láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé náà, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń lọ. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, kòkòrò kékeré kan ń jẹun. Àbúrò mi wò ó títí, ó ní, "Àṣé inú ilé ni olè wà!"

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, iṣẹ́ kòkòrò kọ́. Orúkọ ló fà mí wọ inú ọ̀ràn yìí, nítorí orúkọ tí a bá sọ ọ̀tá ni yóò sọ irú ohun ìjà tí a ó gbé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni, níbi tí tòmátò fúnra rẹ̀ ti wá. Ní 1917, Edward Meyrick, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Ìlú Ọba tí ó fẹ́ràn àfòpiná kéékèèké, kọ àpèjúwe rẹ̀ láti ara èyí tí wọ́n rí ní Huancayo, ní ilẹ̀ Peru. Ó sọ ọ́ ní Phthorimaea absoluta. Ọ̀rọ̀ Gíríkì fún ìparun ló wà ní ìdí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn onímọ̀ ń gbé e láti agbo-ilé kan bọ́ sí òmíràn, títí di 1994 tí Dalibor Povolný, ọmọ ilẹ̀ Czech, fi í sí agbo-ilé Tuta. Tuta absoluta ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Bí a bá fi etí Látìn gbọ́ ọ, tuta ni ohun tí kò léwu! Ní 2021, wọ́n tún dá a padà sí Phthorimaea. Ẹ ò rí i? Ó rìn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó padà sídìí ìparun.

Ní 2006 ni wọ́n rí i ní Spain. Nígbà tó fi máa di 2008, ó ti wọ Morocco àti Algeria. Lẹ́yìn náà ó ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá bá wa. Kòkòrò ò ní ìwé ìrìnnà, kò sì sí aṣọ́bodè tó lè dá a dúró. Inú èso tí à ń kó káàkiri ló máa ń bá wọlé. Ẹ ó rántí oṣù Karùn-ún 2016, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátò. Ilé-iṣẹ́ Dangote tí ń lọ tòmátò ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kano, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún náà, dáwọ́ dúró nítorí kò rí tòmátò lọ̀.

Ìgbà náà ni orúkọ Ebola tòmátò gbòde. Ó yé mi. Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó kéde pé a bọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára wa. Orúkọ náà sọ bí nǹkan ọ̀hún ti burú tó, àmọ́ kò sọ ohun tí ó jẹ́. Àrùn ni Ebola. Èyí kì í ṣe àrùn rárá. Ẹ̀dá tó ń yé ẹyin ni.

Àfòpiná aláwọ̀ eérú ni, kò ju mìlímítà méje lọ ní gígùn. Ó ń fara pamọ́ sáàárín ewé lọ́sàn-án. Abo kan lè yé ẹyin tó 260. Bí ẹyin bá ti pa, ọmọ á wọ inú ewé, á máa jẹ ẹran ewé, á fi awọ sílẹ̀. Oògùn tí a fín sójú ewé, agbára káká ni yóò fi bá a níbẹ̀. Ó ń wọ èso pẹ̀lú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, púpọ̀ nínú wọn á bọ́ sínú erùpẹ̀, wọn á káwọ́ kò, wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu, títí wọn á fi hu ìyẹ́. Níbi tí ooru bá wà, gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ìran mẹ́wàá sí méjìlá sì lè dìde lọ́dún. Bí oògùn kan ṣoṣo là ń fín ṣáá, èyí tí oògùn kò pa ni yóò bímọ, oògùn ò sì ní ran àwọn ọmọ náà mọ́.

Níbo wá ló ń gbé nígbà tí tòmátò bá tán lóko? Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ó ń jẹ pòtétò, ìkàn, tábà, apíkán àti òdú. Ẹbí tòmátò ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Mo wo etí oko àbúrò mi, òdú ló hù síbẹ̀ bẹẹrẹ, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sì wà lára ewé wọn. A mọ òdú, a mọ bí a ṣe ń sè é, a ò mọ̀ pé ó ń gba ọ̀tá lálejò.

Nítorí náà mo dábàá orúkọ kan: ajẹnú-ewé. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á mọ̀ pé inú ewé ni kóun yẹ̀ wò. Á já ewé tó ti bàjẹ́, á sun ún. Kò ní fi èso jíjẹrà sílẹ̀ sétí oko. Kò ní gbin ìkàn tẹ̀ lé tòmátò. Àgbàdo tàbí ẹ̀wà ni yóò gbìn. Á ro apíkán àti òdú tó hù fúnra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. N ò ní kí ẹ pa òdú run o, ọbẹ̀ ni! Pàkúté tó ní òórùn abo wà pẹ̀lú, tó ń tan akọ wọ inú rẹ̀.

Àbúrò mi ti ro etí oko, ó ti gbin àgbàdo. Owó oògùn ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn ti wọ́lẹ̀ ná. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin Ànàgó, ẹ̀yin Ọ̀họ̀rí, kí lẹ̀ ń pe kòkòrò yìí lọ́dọ̀ yín? Bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn ju tèmi lọ, mo ṣe tán láti kọ́ ọ.