Ìlà Àríwá àti Gúúsù Àkókó: Iṣẹ́ Ìjọba Ni, Kì í Ṣe Ogún Baba

Ohun tó gbilẹ̀ jù nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ilẹ̀ náà ti pín sí méjì, tí Ìkàrẹ́ ń ṣe olórí Àríwá, tí Ọ̀kà sì ń ṣe olórí Gúúsù, àti pé ìjọba ológun kàn fi òǹtẹ̀ lu ètò àwọn baba ńlá ni ní ọdún 1976. Ìtàn náà dùn létí, ó sì rọrùn láti kọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n kò rí ẹsẹ̀ dúró lé. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkókó àti ti Gúúsù Àkókó, tí kò sí mọ́ lónìí, jẹ́ ẹkùn tí wọ́n fi iye ènìyàn díwọ̀n, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ìran pín.

Kí Òyìnbó tó dé, kò sí adé kan ṣoṣo tí gbogbo Àkókó, tàbí ìdajì rẹ̀ pàápàá, ń wárí fún. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọba tàbí olórí tirẹ̀, àwọn mìíràn sì ní ju ẹyọ kan lọ: ní Ìkàrẹ́, Olúkàrẹ́ wà, Ọwá Àlẹ̀ ti Ìyómẹ̀ta náà wà, ní Ọ̀kà, Olúbàkà wà, Aṣin náà sì wà. Ìlú tí àṣẹ kò ti sí lójú kan nínú rẹ̀ kò lè jẹ́ èyí tó ń pàṣẹ fún àwọn ìlú tó yí i ká. Ogun Tápà láti Bídà, tó da ilẹ̀ náà rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tún mú kí olúkúlùkù sá di òkè àti àpáta tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní 1897, àwọn Òyìnbó so apá kan Àkókó mọ́ Kàbà, wọ́n sì fi apá kan sí ìhà Gúúsù Nàìjíríà, kí wọ́n tó wá kó wọn pọ̀ sábẹ́ Dífíṣọ̀n Ọ̀wọ̀ kí ọdún 1920 tó wọlé. Dífíṣọ̀n ni ẹ̀ka ìṣàkóso tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní D.O. ń bójú tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìgbà Òyìnbó gbe ìtàn ìran méjì lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé Ọ̀wọ̀, tí kì í ṣe ìlú Àkókó rárá, ni ibùjókòó ìjọba tí gbogbo wọn jọ ní fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èdè ló tako ìtàn náà jù lọ. Àwọn ará Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Ọ̀bà, Àkùngbá, Ìrùn àti Ògbàgì ń sọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá, síbẹ̀ Ìrùn àti Ògbàgì bọ́ sí Àríwá, Ọ̀bà àti Àkùngbá sì bọ́ sí Gúúsù. Ní Arìgìdì, Èrúṣú, Ọ̀yìn àti àdúgbò mẹ́rin tó para pọ̀ di Òkèàgbè, ìyẹn Àfá, Ìdò, Ògè àti Àjè, èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé, tí ọmọ Ìkàrẹ́ kò lè gbọ́ àfi tó bá kọ́ ọ. Àwọn Akùnnù, Ìkáràmù, Ìbárámù àti Gèdègédé ní tiwọn, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní Akpes. Ukaan ni ti Àúga, Ìṣẹ̀ àti Ìkákùmọ̀, èdè yìí kan náà ni wọ́n sì ń sọ ní Ayanran, lódìkejì ààlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akoko-Edo ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní ìhà Gúúsù, èdè Ìṣùà àti Ẹ̀pìnmì bá ti Ẹdó tan ju Yorùbá lọ. Bó bá jẹ́ ìran ni wọ́n fi fa ìlà ní 1976, ìlà náà ì bá gba ibòmíràn, kì bá sì mọ sí ẹyọ kan.

Ohun tó bí ẹkùn méjèèjì ni àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ tí ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe ní 1976, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún náà. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí iye ènìyàn inú ìjọba ìbílẹ̀ kan wà láàárín 150,000 sí 800,000, èyí tó sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké tí kò bára wọn tan pọ̀ sójú kan. Bí Àríwá àti Gúúsù Àkókó ṣe di méjì lára ìjọba ìbílẹ̀ 301 tí Nàìjíríà ní nígbà náà nìyẹn. Kò ṣòro láti rí ìdí tí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà fi yẹ fún ibùjókòó: ìlú ńlá ni wọ́n, ọ̀nà sì pàdé níbẹ̀, nítorí láti Ìkàrẹ́ ni èrò ti ń gba Arìgìdì àti Àjọwá lọ sí ilẹ̀ Kàbà, láti Ọ̀kà ni wọ́n sì ti ń gba Ẹ̀pìnmì àti Ìṣùà wọ ilẹ̀ Ẹdó. Àkùngbá, tó fara ti Ìkàrẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá lọ, bá ara rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀kà.

Ní ìparí ọdún náà ni wọ́n dìbò yan àwọn kánsẹ́lọ̀ láti wọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹkùn kékeré tí kánsẹ́lọ̀ kan ń ṣojú fún, ní 1977 sì ni àwọn kánsẹ́lọ̀ yìí jákèjádò Nàìjíríà yan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó lọ sí Àpéjọ Aṣòfin tó gbé Òfin Nàìjíríà ti 1979 yẹ̀ wò. Láti ìgbà náà ni àǹfààní, owó àti ipò ti ń gba orúkọ Àríwá àti Gúúsù wọlé, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá ìpìlẹ̀ àtijọ́ fún un.

Wọ́n ti wá pín méjèèjì sí mẹ́rin, tí ibùjókòó wọn wà ní Ìkàrẹ́, Òkèàgbè, Ọ̀kà àti Ìṣùà. Nígbà tí wọ́n tẹ orúkọ wọn sínú Òfin Nàìjíríà ti 1999, ọ̀kan di “Akoko South Akure East”, àṣìṣe akọ̀wé tó fi hàn pé inú fáìlì ìjọba ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, kì í ṣe láti ẹnu àwọn àgbà. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá tún fẹ́ dá ẹkùn sílẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní 2023 nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin àgbègbè ìdàgbàsókè 33, ìtàn ìran méjì lè di ohun ìjà láàárín àwọn tó jọ ń ná ọjà kan náà. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú fi ọdún 1976 sí ibi tó tọ́ sí i. Ìlà náà ṣì ń ṣiṣẹ́: ìjọba ìbílẹ̀ méjì tó wà ní Àríwá ń yan aṣòfin kan sí Abuja, méjì tó wà ní Gúúsù ń yan ọ̀kan, lára mẹ́sàn-án tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin.