Èrò Òǹkàwé lórí Ìtàn-Àròsọ Yorùbá: Láti Akéde Èkó dé Ògìdì

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ìtàn-àròsọ Yorùbá, òǹkọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú. Wọn a sọ ibi tí a gbé bí i, ọdún tí ó kọ ìwé rẹ̀, ọgbọ́n tí ó fi hun ìtàn àti ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ aráyé. Òǹkàwé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ìwé tí a kọ tí ẹnikẹ́ni kò kà, tàbí tí ẹni tí ó kà á kò bá ẹlòmíràn sọ ohun tí ó rò nípa rẹ̀, kò yàtọ̀ sí aṣọ tí a hun tán tí a sì ká sínú àpótí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọpinpin ni ìtàn àwọn òǹkàwé, pàápàá jù lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi ọwọ́ ara wọn mú ìwé kà láìṣe pé olùkọ́ pa á láṣẹ, tí wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ wọn jiyàn lórí rẹ̀. Èkó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ògìdì, ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjùmú nítòsí Kábà, ni yóò parí sí, nítorí pé níbẹ̀ ni ìbéèrè tí ó le jù lọ gbé yọjú: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ìwé Yorùbá kan dára tàbí kò dára?

Sẹ̀gilọlá àti àwọn tí ó kọ̀wé sí i

Ní ọdún 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde. Obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni wọ́n ní ó ń kọ wọ́n. Àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó sì ń fi omijé ròyìn bí ó ti fi ẹwà rẹ̀ kó ọkùnrin jọ nígbà tí ayé ṣì ń fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1930 ni a kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn-àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì níhìn-ín ni ìhà tí àwọn ará Èkó kọ sí i. Wọ́n kọ̀wé sí olóòtú. Àwọn kan káàánú obìnrin náà bí ẹni pé ó wà láàyè, àwọn kan sì ń sọ ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ wọn. Olóòtú tẹ èrò wọn jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà tí ìtàn ń jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí Karin Barber tún ìwé náà tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn lẹ́tà òǹkàwé wọ̀nyí wà lára ohun tí ó pe àfiyèsí sí. Èyí fi hàn pé láti ọjọ́ tí ìtàn-àròsọ Yorùbá ti dáyé ni òǹkàwé ti ń dá sí i. Kò sí ìdánwò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń fún wọn ní máàkì. Wọ́n kà á nítorí pé ó wù wọ́n, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nítorí pé ó dùn wọ́n tàbí ó yà wọ́n lẹ́nu.

Àkàrà-Ògùn wọ ilé-ẹ̀kọ́

Ọ̀nà mìíràn ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ gbà jáde. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní ọdún 1936 ni ó mú D. O. Fágúnwà kọ ọ́. Ní ọdún 1938 ni ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì pẹ́ tí ó fi di ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tí a dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní ọdún 1952, ìwé tí a yàn fún ìdánwò wá di ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kà.

Ilé-ẹ̀kọ́ ṣe oore ńlá fún ìtàn-àròsọ. Bí kì í bá ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì bá tí fojú kan ìwé Fágúnwà rárá. Bí ó ti wù kí ó rí, nǹkan kan sọnù. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé ni: ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ìdáhùn sì ti wà nílẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé ìwàásù Fágúnwà pọ̀ jù, tàbí pé ẹ̀rín ni ìjà àwọn iwin pa òun dípò ẹ̀rù, kò ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà fúnra rẹ̀ kò bá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mu. Àkàrà-Ògùn kò fi ìtàn rẹ̀ pa mọ́. Ó sọ ọ́ fún akọ̀wé, nígbà tí ó sì padà wá, àwọn ènìyàn ti pé jọ láti gbọ́. Àwùjọ tí ń gbọ́ wà nínú ìtàn. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ti pàdánù ìdajì adùn rẹ̀.

Ìgbà tí òǹkàwé rí ìwé yàn

Láàrin ọdún 1964 sí 1976, ìwé pọ̀ sí i lórí àtẹ. Olówólaiyémọ̀ tí Fẹ́mi Jẹ́bọ̀dà kọ jáde ní 1964. Ní 1969, Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí àti Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971, ọdún kan náà tí Kọ́lá Akínlàdé tẹ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? jáde. Ní 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú dé.

Nígbà yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó rí ìwé tí ó lè yàn fúnra rẹ̀, ìgbà yìí náà sì ni àríyànjiyàn tó ní oúnjẹ. Ẹni tí ó fẹ́ràn Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ inú ìwé Òkédìjí, a máa yin agbára àti èdè rẹ̀ tí ó ń ta bí ata. Ẹni tí ó fẹ́ràn Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Akínlàdé, a ní ọpọlọ ni a fi ń mú ọ̀daràn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Ní ti Ó Le Kú, tí ó sọ ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí ọkàn rẹ̀ pín sí ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, iyàn rẹ̀ kò tán títí di òní. Ṣé Àjàní ni ó lẹ́bi ni, àbí ìyá rẹ̀ tí ó ń kán an lójú láti gbéyàwó? Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe nínú ìwé náà ní 1997 tún dá iná sí i. Irú ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ìdí sì nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fẹ́ràn láti bá ara wọn jà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ògìdì

Ọ̀nà tí ọmọ Ògìdì gbà dé ìdí ìwé Yorùbá kò rí bí ti ọmọ Ìbàdàn. Ìjùmú, Ìyàgbà, Òwé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni a pa pọ̀ tí a ń pè ní Okun, láti inú ìkíni wọn. Ìjọba amúnisìn fi wọ́n sí Àríwá, lábẹ́ ẹkùn Kábà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink jókòó ní 1957 lórí ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kékeré, ọ̀rọ̀ bóyá kí a dá àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kábà padà sí Ìwọ̀-Oòrùn wà lára ohun tí wọ́n gbọ́. Ìròyìn wọn jáde ní 1958, ààlà kò sì yí. Kábà bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara ní 1967, ó sì di ara Kogi ní 1991.

Ní gbogbo àkókò yìí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó so Okun mọ́ Yorùbá àkọsílẹ̀. Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ́ láti 1908, ní 1951 sì ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá inú Bíbélì àti inú Fágúnwà kì í ṣe Yorùbá tí ìyá ń sọ nídìí ààrò ní Ògìdì. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ a máa bẹ̀rù pé bí òun bá sọ èrò òun lórí ìwé, ẹ̀ka-èdè òun ni wọn yóò gbọ́, kì í ṣe èrò náà. Ó rọrùn fún un láti dákẹ́, kí ó kọ́ ìdáhùn olùkọ́ sórí, kí ó sì yege.

Àdánù ńlá ni ìdákẹ́ yìí. Èkíní, Fágúnwà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́. Òkè-Igbó ni ó ti wá, òun náà sì kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò mọ́ ti ilé ni. Èkejì, ọmọ Ògìdì mọ ohun tí òǹkàwé mìíràn kò mọ̀. Ìlú ahunṣọ ni Ògìdì. Ibẹ̀ ni a ti bí Nike Davies-Okundaye ní 1951, ọ̀dọ̀ ìyá-ńlá rẹ̀ tí ó jẹ́ ahunṣọ ni ó sì ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ aṣọ tí ó sọ ọ́ di olókìkí lágbàáyé. Bí ìwé ìtàn kan bá sọ pé ahunṣọ jókòó sídìí òfì, akẹ́kọ̀ọ́ Ìsẹ́yìn a rí ọkùnrin tí ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a óò rán pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Ògìdì a rí ìyá àgbà níwájú òfì tí a gbé nàró, tí ń hun aṣọ fífẹ̀. Àwọn méjèèjì ka gbólóhùn kan náà, kò sì sí èyí tí ó ṣì í kà nínú wọn. Bí wọ́n bá sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn, ìwé náà di méjì lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá dákẹ́, ọ̀kan ni yóò kù, kì yóò sì jẹ́ ti Ògìdì.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a tọ̀ wá láti Akéde Èkó fi hàn pé òǹkàwé kì í ṣe àlejò nínú ilé ìtàn-àròsọ Yorùbá. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìwé tí a yàn fún ìdánwò yóò máa ní àyè tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi kún un ni àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìwé tí ó wù ú wá, tí yóò sọ ohun tí ó rò nípa rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ní ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀ bí ó bá fẹ́, tí olùkọ́ yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó tún un ṣe. Àwọn tí ó kọ̀wé sí Thomas ní 1929 kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ọmọ Ògìdì náà gbà á.