Eré-Ìje Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Tí Kò Rójú

Ní Ọ̀fà, Ìyèrú Ọ̀kín, níbi tí ìjàkadì ti jẹ́ orò tí àwọn ọmọ ìlú fi ń yangàn, àti ní Ilémọnà tí a wà yìí tí kò jìnnà sí i, kò sí àgbà kan tí yóò ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ agbo kí wọ́n máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀ nígbà tí ọ̀tá bá ń bẹ lẹ́yìn odi. Àwọn tí ń fi mọ́tò díje káàkiri àgbáyé kò ka ọ̀rọ̀ náà sí tó bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ti ń gbé eré wọn lọ sí ilẹ̀ tí kò rójú, bí a bá sì bi wọ́n léèrè, wọn a ní eré ni àwọn wá ṣe, àwọn kò bá ti òṣèlú wá. Ó yẹ kí a yẹ ẹjọ́ yìí wò láti ìdí rẹ̀ wá, pàápàá nítorí pé ibi tí ó ti ta kókó jù, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín ni.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1958, Fulgencio Batista, ẹni tí ń fi ipá ṣe ìjọba ní Kúbà, kó àwọn awakọ̀ tí òkìkí wọn kàn jọ sí Havana, kí ayé lè rò pé ìlú tòrò, bẹ́ẹ̀ Fidel Castro àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bẹ lórí òkè tí wọ́n ń gbógun tì í. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù náà, nínú òtẹ́ẹ̀lì Lincoln, ọkùnrin kan nínú àwọn ènìyàn Castro na ìbọn sí Juan Manuel Fangio, ọmọ Ajẹntínà tí ó ti gba adé awakọ̀ àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó sì mú un lọ. Wọn kò fọwọ́ líle kàn án. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n tù ú nínú, nígbà tí eré sì kọjá wọ́n dá a sílẹ̀ láìfarapa. Batista kò jẹ́ kí eré dúró nítorí èyí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kan yà wọ àárín èrò, ó pa ènìyàn, ni ohun gbogbo bá dàrú. Aṣọ tí Batista fẹ́ fi bo ìdí ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ fà ya lójú gbogbo ayé.

Ti Gúúsù Áfíríkà dun àwa ọmọ Nàìjíríà ju ti Kúbà lọ. Ìlú wa ti bá àwọn ará Áfíríkà yòókù kúrò nínú Ìdíje Òlíḿpíìkì ti Montreal ní 1976. Ní 1978 a kò lọ sí ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Edmonton. Ní 1979 ìjọba wa gba ohun ìní ilé-iṣẹ́ epo BP. Gbogbo rẹ̀, nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Síbẹ̀, ọdọọdún ni àwọn onímọ́tò Formula 1 ń sáré wọn ní Kyalami, lẹ́bàá Johannesburg, bí ẹni pé ohun kan kò ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1985, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà kéde òfin pàjáwìrì ní apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n so Benjamin Moloise, akéwì, rọ̀ ní Pretoria, bí ayé ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un tó. Ní ọjọ́ kejì, ìyẹn 19, awakọ̀ Nigel Mansell gba ipò kìíní ní Kyalami. Ilé-iṣẹ́ Renault àti Ligier kò lọ, nítorí ìjọba Faransé kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Àwọn olówó kan tí orúkọ wọn máa ń wà lára ọkọ̀, tí àwọn onísìgá wà nínú wọn, ní kí a pa á rẹ́ fún ọjọ́ náà. Mo máa ń ronú sí èyí: àwọn tí ń ta sìgá ni ojú kọ́kọ́ tì, kì í ṣe àwọn tí ń darí eré. Eré náà kò padà sí Kyalami títí di 1992, lẹ́yìn tí Mandela ti jáde lẹ́wọ̀n.

Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé wàhálà méjì ni a ń pè ní orúkọ kan. Ewu ni ọ̀kan: ìbọn, agbébọn, bọ́ǹbù tí a rì mọ́ ojú ọ̀nà. Ìnilára ni èkejì: ìjọba tí ń pa ènìyàn lónìí, tí ó sì fẹ́ gba àlejò lọ́la. Ewu a máa dá eré dúró nígbà mìíràn. Ìnilára kì í sábà dá a dúró, nítorí pé ẹni tí ó mọ bí a ti ń de ará ìlú mọ́lẹ̀ mọ bí a ti ń ṣọ́ àlejò pẹ̀lú. Ní tèmi, èkejì yìí gan-an ni ó yẹ kí ó wúwo jù lórí òṣùwọ̀n, àgàgà nígbà tí àwọn tí a ń ni lára bá fi ẹnu ara wọn sọ pé kí àlejò má wá.

Wàyí o, ti eré Dakar. Thierry Sabine, ọmọ Faransé, ni ó ṣìnà pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ ní 1977, nígbà tí wọ́n ń díje láti Abidjan lọ sí Nice. Bí orí ti kó o yọ tán, ó ní òun yóò mú àwọn mìíràn wá rí ohun tí òun rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Paris, 74 péré ni ó sì dé Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ọ̀dá ti mú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà kọjá, ẹran ọ̀sìn ń kú, ọkọ̀ tí ó ru epo àti omi sì ń ku eruku sí wọn lójú: onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n se òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Ní 1988, wọ́n fi ọkọ̀ pa ọmọbìnrin kékeré kan ní Málì, wọ́n sì pa ìyá àti ọmọ rẹ̀ ní Mọriténíà. Eré kò dúró. Ní 1991, tí àwọn Túárẹ́gì dìde sí ìjọba Málì, ìbọn pa awakọ̀ akẹ́rù kan nínú àwọn eléré náà. Eré kò dúró. Ní 2000, tí wọ́n gbọ́ pé àwọn agbébọn lúgọ dè wọ́n ní Niger, ọkọ̀ òfuurufú ńlá ni wọ́n fi kó tọkọ̀ tènìyàn láti Niamey fò lọ sí Líbíyà.

Lẹ́yìn náà ni ti 2008. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2007, a yìnbọn pa ará Faransé mẹ́rin lẹ́bàá Aleg ní Mọriténíà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yìí ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrìn náà. Ọjọ́ kan péré ni ó kù kí wọ́n gbéra ní Lisbon tí wọ́n fi fagi lé e. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Èmi kò lè bá wọn wí lórí èyí. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà léèrè? Ní Lac Rose, níbi tí eré máa ń parí sí, iyọ̀ ni wọ́n ń wà nínú omi. Àwọn awaiyọ̀ a fi òrí pa ara, òrí irú èyí tí a ń rí rà lọ́jà Ọ̀wọ̀dé l'Ọ́fà, kí iyọ̀ má baà jẹ wọ́n lára, àwọn obìnrin a sì máa rù ú wá sí etí omi. Létí omi kan náà ni àwọn tí ó borí ti ń gba ife-ẹ̀yẹ, tí oníṣòwò ti ń ta ọjà fún àlejò. Eré náà lọ sí Amẹ́ríkà ti Gúúsù ní 2009, ó gbé orúkọ Dakar lọ, ó fi Dakar sílẹ̀. Hubert Auriol, tí ó ti borí nínú rẹ̀ rí lórí alùpùpù àti nínú ọkọ̀, bá àwọn mìíràn dá Africa Eco Race sílẹ̀, ó sì mú eré mìíràn wá sí Lac Rose.

Láti 2020, Saudi Arébíà ni eré tí ń jẹ́ Dakar wà. Ní òpin 2021, nǹkan bú gbàù lábẹ́ ọkọ̀ kan tí ó jẹ́ ti àwọn adíje ní Jeddah, awakọ̀ rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́. Wọ́n sáré wọn lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ẹrẹ́nà 2022, ìjọba ilẹ̀ náà pa ènìyàn 81 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 25, nígbà tí àwọn awakọ̀ Formula 1 ń gbaradì ní Jeddah, ohun ìjà àwọn Houthi, ọlọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Yemen, balẹ̀ sí ibi ìtọ́jú epo ilé-iṣẹ́ Aramco, èéfín dúdú ń rú sókè. Àwọn awakọ̀ jókòó ṣèpàdé di òru, wọ́n sì sáré ní ọjọ́ 27. Aramco ni ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi owó gbé eré náà ró. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Jeddah àti Aleg? Mọriténíà kò ní owó tí yóò fi fà wọ́n mọ́ra.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, Ààrẹ Paul Kagame kéde ní Kigali pé Rùwáńdà fẹ́ gba Formula 1 lálejò, kí eré náà lè padà sí Áfíríkà. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23, tí àwọn onímọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé Rùwáńdà ń tì lẹ́yìn, tí Rùwáńdà sì ń sẹ́, gba Goma ní Kóńgò. Ìjọba Kóńgò kọ̀wé sí àwọn tí ó ni eré náà pé kí wọ́n má bá Rùwáńdà sọ̀rọ̀ mọ́. Ìjọba ni ó kọ̀wé, kì í ṣe àwọn tí a lé kúrò nílé ní Goma. Síbẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ nìyí tí ilẹ̀ Áfíríkà kan ti gbọ́ pé eré ń bọ̀ nítòsí, tí ó sì kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀ kí ọkọ̀ kankan tó dé.